Ọjọ́ Méje Mìíràn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì bi Ìyá Aránṣọ bóyá ó ti lo oògùn orúnkún rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn pé rárá.

Irọ́ ni. Ó lo ẹyọ kan lánàá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí orúnkún ọ̀tún kò jẹ́ kó lè fẹsẹ̀ wa maṣíìnì mọ́, tí aṣọ iléèwé méjì sì ṣẹ́kù tó gbọ́dọ̀ parí. Ó mọ̀ pé oògùn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje mìíràn. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé àwọn fẹ́ mú díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun ìbàdí rẹ̀ láti mọ ohun tó fà á, kò tíì sùn ju wákàtí méjì lọ lóru kankan. Kò lè fara da irú ọjọ́ méje bẹ́ẹ̀ mọ́.

“Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mà. Ẹ ká orúnkún sókè bí ẹni tí òtútù ń mú.”

“Ọmọ mi, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn tóbi?”

“Ó tóbi díẹ̀.”

“Ṣé ó tó èyí tí mo fi ń rán kóòtù?”

“Bí mo bá ní kò tó o, ẹ ó mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.”

Ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí i kó dì í mú. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí dókítà gún un ta á bí ata, ibẹ̀ sì kú tipiri. Lẹ́yìn náà, ó dà bíi pé ẹnìkan ń fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí dókítà fa mùdùnmúdùn náà, ìrora sáré láti ìbàdí dé gìgísẹ̀.

“Ó ti tán, mà. Ẹ̀yin lẹ wá lágbára báyìí? Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.”

Dókítà gbé àwọn ìgò kéékèèké jáde. Nọ́ọ̀sì fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí táwẹ́ẹ̀lì kíká kí ara rẹ̀ lè máa tẹ̀ ẹ́. “Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má dìde o.” Ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì lẹ́yìn kọ́tìnì.

Ní ìṣẹ́jú kẹfà, nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òógùn ni. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ó ti dé itan. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ara rẹ̀, ó mú un jáde: pupa ni.

Bó bá pè, wọ́n á béèrè ohun tó fà á. Bí kò bá pè ńkọ́?

“Nọ́ọ̀sì!” Ohùn rẹ̀ kò ju ti òròmọdìẹ lọ.

Kọ́tìnì ṣí. Nọ́ọ̀sì yí i padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ojú ibẹ̀, ó fi gbogbo ara tì í, ó sì ké pe dókítà.

“Ìyá, ìgbà wo lẹ lò ó?”

“Lo kí ni?”

Nọ́ọ̀sì túbọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò.

“Àná. Aago mẹ́wàá. Ẹyọ kan ṣoṣo.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “O ò bú mi?”

“Ọwọ́ mi dí, mà. Tó bá dilẹ̀, màá bú yín dáadáa.”

Dókítà dé, ó wò ó, ó ní kí nọ́ọ̀sì má gbé ọwọ́ kúrò.

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ti ń dá?” Ìyá Aránṣọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

“Mi ò tíì mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.”

Ogún ìṣẹ́jú gbáko. Òógùn nọ́ọ̀sì ń kán sí i lẹ́yìn. Nígbà tó wá yọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, tó fi òwú tuntun síbẹ̀, àwọn méjèèjì ń retí. Òwú náà kò pọ́n.

Ìyá Aránṣọ ní kó bá òun mú báàgì òun. Ó tú oògùn tó kù nínú àjákù aṣọ, ó kó o lé e lọ́wọ́.

“Èsì ńkọ́? Ìgbà wo ni yóò jáde?”

Nọ́ọ̀sì kó oògùn náà sápò.

“Ọjọ́ méje, mà.”