Ìsìnkú Ọláníran

Martha ló lọ bẹ àwọn Mùsùlùmí abúlé náà pé kí wọ́n gbé àwọn aláìsàn wọn wá sí ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi dùn ún wọ egungun.

Abúlé náà kò jìnnà sí Iyamoye. Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà nígbà náà, Ìlọrin sì jìnnà púpọ̀. Kí ìjọba tó gbọ́ pé àrùn onígbáméjì ti wọ àárín wọn, àwọn ènìyàn ti ń kú. Ẹgbẹ́ míṣọ́n kan ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n fi Lándirófà kó ìgò omi dríìpù wá, pẹ̀lú àwọn bẹ́ẹ̀dì kanfásì tí wọ́n dá ihò sí láàrin kí aláìsàn má baà máa dìde lọ yàgbẹ́, wọ́n sì sọ ilé ìwé di ilé ìwòsàn. Òyìnbó gíga kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà John ni olórí wọn. Josiah, ajíhìnrere ìjọ abúlé náà, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

Ọmọ ìyá kan náà ni Josiah àti Martha. Josiah ni àkọ́bí. Àbíkẹ́yìn wọn, Ọmọ́ṣọlá, ló fẹ́ Ọláníran, àgbẹ̀ oníkọfí tó jẹ́ Mùsùlùmí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà ni Josiah kò ti dé ilé wọn mọ́. Martha ní tirẹ̀ kì í pẹ́ kó tó yà síbẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ Ọmọ́ṣọlá.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí kò gbé aláìsàn wọn wá, Martha mú Josiah lọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Lemọ́mù, ẹ̀gbọ́n Ọláníran, jáde sí wọn.

“Okun o, Martha,” ni ó fi kí i. “A ti gbọ́ pé omi òyìnbó yẹn ń ṣiṣẹ́. Omi kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù. Bí ẹnì kan bá kú síbẹ̀, ta ni yóò sin ín?”

“Ẹ̀yin náà ni,” ni Josiah dáhùn. “Kò sí ẹni tí yóò bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀. Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run.”

Lemọ́mù kò wo Josiah rárá. Martha ló ń wò. “Ìwọ ńkọ́?”

“Bàbá, mo dúró fún un.”

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń gbé wọn bọ̀, òmíràn lórí kẹ̀kẹ́, òmíràn lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn yè. Martha ń fọ ilẹ̀, ó ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi sísè tó ti tutù, ó ń fi ṣíbí bu ú sí wọn lẹ́nu. Àfi bí àrùn náà ṣe wọ ilé Ọmọ́ṣọlá, tí ó dá òun àti ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ papọ̀. Ọmọ́ṣọlá gba omi sára, ó ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ọláníran kò gbádùn. Ojú rẹ̀ jìn, awọ ìka rẹ̀ hunjọ bíi ti ẹni tó pẹ́ nínú odò, ohùn rẹ̀ sì lọ pátápátá. Bí ó bá fẹ́ omi, ọwọ́ ló máa ń fi júwe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iyọ̀ tán. Martha tẹ̀lé awakọ̀ míṣọ́n lọ sí Kabba láti rà sí i. Nígbà tí ó dé ní ọ̀sán, bẹ́ẹ̀dì Ọláníran ti ṣófo, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́.

“Ó ti lọ sinmi,” ni Josiah wí. “A ti sin ín.”

“Níbo?”

“Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.”

Martha rò pé òun ṣì í gbọ́. Ó sáré lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ṣì tutù lórí sàréè náà, wọ́n sì ri àgbélébùú onígi mọ́ orí rẹ̀, tí wọ́n kọ “Stephen Ọláníran” sí.

Josiah ti tẹ̀lé e dé ibẹ̀. “Ó gba Jésù kó tó kú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣèrìbọmi fún òun. Dókítà sì ní kí òkú onígbáméjì má pẹ́ nílẹ̀.”

“Òun ló sọ fún yín?”

“Ó sọ fún mi.”

“Ohùn wo ló fi sọ ọ́, Bọ̀dá Josiah?”

Josiah gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọkàn rẹ̀ ni mo gbà là. Ṣé o fẹ́ kí ọkọ àbúrò wa ṣègbé ni?”

“O purọ́ mọ́ òkú,” ni Martha wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sọ “o” sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. “Ìwọ lo ṣèlérí. Èmi ni mo fi ojú mi dúró fún ọ.”

Ó lọ bá Dókítà John. Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Òun gan-an ló ti kọ́ wọn pé àrùn náà máa ń gba ohùn. “Josiah kò sọ fún mi pé ẹ ṣèlérí,” ni ó wí pẹ̀lú Yorùbá tí kò já gaara. “Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ ní gbangba báyìí, ìjọ máa dàrú. Jẹ́ kí àrùn lọ ná.”

Kò sí ohun tí a lè fi pamọ́ ní abúlé. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn Mùsùlùmí ti ń gbé ènìyàn wọn jáde. Ọmọ́ṣọlá fúnra rẹ̀, tó wà ní yàrá àwọn obìnrin nígbà tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ jáde, fa abẹ́rẹ́ dríìpù yọ lápá, ó di ògiri mú, ó ń rìn lọ. Martha nawọ́ kó dì í mú. Ọmọ́ṣọlá yẹra fún un.

Láti ìgbà náà, Martha ń ru ìkòkò omi iyọ̀ káàkiri ojúlé wọn. Wọn kò ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kékeré kan nílé Lemọ́mù kú, ọmọ tí ìgò omi méjì ì bá gbà là. Martha gbọ́ ẹkún náà láti ojú títì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Josiah dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí bí Stephen ṣe rí ìgbàlà. Martha náà dìde.

“Ọláníran ni orúkọ rẹ̀,” ni ó wí. “Kò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ. Kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ́n omi lé ẹni tí kò lè kọ̀ lórí, wọ́n sì jí òkú rẹ̀ gbé mọ́ àwọn ará rẹ̀ lọ́wọ́.”

Ariwo sọ. Àwọn àgbà ìjọ ní kó jókòó. Ó jáde, ó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa àgbélébùú náà tu. Ó fi í ti ara ògiri jẹ́jẹ́, nítorí onígbàgbọ́ ṣì ni òun náà.

Dókítà kò gbà kí wọ́n hú òkú náà, Lemọ́mù náà kò sì fi dandan lé e. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, wọ́n tò lẹ́yìn sàréè náà, wọ́n sì kírun sí òkú wọn lára. Ọmọ́ṣọlá dúró lọ́nà jíjìn, ó ti rù. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó wá bá Martha.

“Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ fà á tu. Ẹ ṣeun.”

“Ọmọ́ṣọlá, dárí jì mí.”

“Mo mọ Josiah láti kékeré,” ni Ọmọ́ṣọlá wí. “N kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ tó ṣèlérí yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi. Tiyín la gbà gbọ́ tí a fi lọ sí ilé ìwé.”

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì bá àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lọ. Ìjọ dá Martha dúró ní oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Wọ́n pe Josiah sí Ìlọrin láti lọ kọ́ṣẹ́ pásítọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ, ó juwọ́ sí Martha lójú fèrèsé. Martha ń gbọ́n omi lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè.