Ẹ̀dá Bùnmi, Kì Í Ṣe Ẹ̀dà

Bàbá Bùnmi, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé. Bùnmi wa pè mí láti Kánádà, ó ní kí n máa ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì òun sínú kọ̀ǹpútà ilé, kí tilé máa bá tọ̀hún dọ́gba. Mo fẹ́ kọ "ẹ̀dà Bùnmi" sórí rẹ̀, ọwọ́ mi ṣi àmì fi, mo kọ "ẹ̀dá", bí ìgbà tí a ń sọ ẹ̀dá Olúwa. Ni Bùnmi fúnra rẹ̀ bá jáde, kò ga ju ìgò omi lọ, ó jókòó sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ó ń mi ẹsẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un bá Bùnmi tọ̀hún mu. Tọ̀hún gé irun, mo gé tirẹ̀. Tọ̀hún wọ kóòtù, mo fi ìbọ̀sẹ̀ yín rán kóòtù fún un.

Ó ní, "Màámi, ìbọ̀sẹ̀ Dádì ń rùn o!" A jọ rẹ́rìn-ín.

Ni kọ̀ǹpútà bá sọ pé tọ̀hún ò rántí oríkì rẹ̀ mọ́, kí n pa á rẹ́ lára tilé náà, kí àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Bùnmi kékeré di ìka mi mú, ó ní, "Màámi, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi pè mí, kí tọ̀hún gbọ́."

Mo gbé e mọ́ àyà, mo pariwo, "Àbẹ̀kẹ́!" Ẹ̀yin lẹ dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Kí ló dé?"