Apá Òsì Méjì

Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bó o bá kí i láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ láti orí dé bàtà bíi pé o ti jẹ̀bi, kó tó dá ọ lóhùn. Lọ́jọ́ kan ó yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e dìde, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ lòun ń yẹ̀ wò. Ó sì jókòó síbẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Kí la fẹ́ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí ilẹ̀ má mì. Ìyàwó náà kú lọ́dún tó kọjá, nǹkan kan sì kú lára ọkọ rẹ̀. Kò sunkún níbi ìsìnkú, kò sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Wọ́n ń yìn ín fún iṣẹ́, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò aládùúgbò.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti wá ríṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà. Ọ̀la ló ń lọ. Àbúrò Adájọ́, obìnrin tó máa ń bá a rán bọ́tìnì nínú ṣọ́ọ̀bù, bi í bóyá ọmọ ti sọ ìgbà tó máa wá kí i. Ó ní kò sọ. Ìyẹn wá là á mọ́lẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn ò ní padà wá. Ilé yín ti le jù. Èèyàn ò lè wúkọ́ níbẹ̀ kó má tọrọ àforíjì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, kò wọ̀ ọ́ lára. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dun òun. Ó wá ibi tó ti yẹ kó máa dun òun, kò rí i. Ohun tó ṣáà mọ̀ ni pé òun kò fẹ́ pàdánù ọmọ náà. Ó wá ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó fa aṣọ jáde, ó ní òun á rán kóòtù fún un, torí òtútù pọ̀ níbi tó ń lọ.

Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rí mọ̀ pé apá ọ̀tún kóòtù yàtọ̀ sí apá òsì. Bí aṣọ bá tó, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á gé méjèèjì pọ̀. Aṣọ Adájọ́ kò tó ṣẹ́ po, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gé e. Lẹ́yìn tó gé àkọ́kọ́, ó yẹ kó yí pátánì, ìwé tó fi ń wọn apá, dojú dé kó tó gé ti ọ̀tún. Kò yí i. Apá òsì ló tún gé. Ó ń rán èkejì mọ́ ara kóòtù, èkejì ń kọ̀. Ó fipá mú un, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ó gbé kóòtù kọ́. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ wá wọ̀ ọ́ wò. Apá òsì wọlé wẹ́rẹ́. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ èkejì, apá náà lọ́ sẹ́yìn, ó wọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ń retí àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Àbúrò Adájọ́ tẹjú mọ́ bọ́tìnì ọwọ́ rẹ̀. Ètè ọmọ ń gbọ̀n. Láti kékeré ló ti ń gbé ẹ̀rín mì; bàlùwẹ̀ lòun àti ìyá rẹ̀ máa ń sá lọ bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa wọ́n. Ó gbé èyí náà mì.

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Adájọ́ wo kóòtù, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó rí i níbẹ̀ pé ẹ̀rù òun ń ba ọmọ náà. Àlàyé ti wà lẹ́nu rẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń rán an lóde òní nìyẹn. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́, ó rẹ̀ ẹ́.

"Apá òsì méjì ni mo rán," ló sọ. "Bọ́ ọ."

Ọmọ bọ́ ọ. Adájọ́ gbà á, ó sì wọ̀ ọ́ sára ara rẹ̀. Ó há mọ́ ọn bí awọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá ẹ̀yìn lọ. Ó ní òun fẹ́ bọ ọmọ òun lọ́wọ́ kó tó lọ, ó na ọwọ́, ọwọ́ kò dé iwájú. Ó rò ó wò, ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ, ó kọjú sí ògiri, ó wá na ọwọ́ náà sí i láti ẹ̀yìn.

"Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi."

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tẹ̀lé e, ó rín in títí ó fi lóṣòó sílẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú, ẹ̀rín sì di omijé lójú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà gbóná. Ó ti pẹ́ tí Adájọ́ ti mọ̀ kẹ́yìn pé nǹkan kan gbóná.

"Ẹ má tú apá yẹn o, Bàbá," ọmọ sọ nígbà tó rí èémí mí. "Tí mo bá wálé lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ bá a bẹ́ẹ̀."

Adájọ́ sọ fún ògiri pé òun ti gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ nínú kóòtù tó há náà, ó ń dúró kí ọmọ fi òun lọ́wọ́ sílẹ̀, kò sì kánjú.