Èsì Tó Há Sínú Asọ̀rọ̀mágbèsì

Tẹlifíṣọ̀n tuntun náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ní òun ò ní wọlé àfi tí asọ̀rọ̀mágbèsì inú pálọ̀ bá jáde. Kò bínú. Ohùn ẹni tó ti jẹun yó ló fi sọ ọ́. Ó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín bí ewé ẹ̀kọ. Oyèwùmí ọmọ mi dúró tì í, ó ń fi aṣọ funfun nu ojú fún un bí ẹni ń nu ojú ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó ní, "Ìyá mi, àga kan ò lè gba àgbà méjì. Ẹ jẹ́ ká gbé ti àtijọ́ kúrò."

Oníkóńdẹ́mù tó máa ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò ti wà nínú pálọ̀ ní tirẹ̀. Ó ti ti ọmọlanke rẹ̀ wọlé, ó gbé e sáàárín àwọn àga. Àkàrà ńlá méjì ni táyà ọmọlanke náà, wọn kò sì fọ́. Mo ní kó jókòó. Ó ní òun ò kánjú, òun á dúró títí oòrùn á fi dìde. Ojú fèrèsé ni oòrùn jókòó sí nígbà náà, ó ń bó ẹ̀pà jẹ, èèpo rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ sínú ilé. Gbogbo wa mọ̀ pé tó bá jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán, yóò dìde, wọn yóò sì gbé asọ̀rọ̀mágbèsì lọ.

Mi ò fẹ́ kó lọ. Àwọn àga pálọ̀ ló bá mi ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún oníkóńdẹ́mù, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni òwúrọ̀ tí Bàbá Oyèwùmí, ọkọ mi, ń lọ ta obì ní Ṣágámù. Iwájú ilé ni Bàbá jókòó sí, wọ́n gbé asọ̀rọ̀mágbèsì sétí, wọ́n ń retí ọkọ̀. Mo sọ fún wọn pé, ilé lẹ ó bá wa o. N kò gbọ́ àmín. N kò gbọ́ hẹn. Ọkọ̀ dé, Bàbá gbé asọ̀rọ̀mágbèsì lé mi lọ́wọ́, ọkọ̀ gbé wọn lọ, òkú wọn ni àwọn èèyàn gbé padà wálé.

Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, bí kò bá jẹ́ pé kò gbọ́, a jẹ́ pé inú ń bí i. Èwo ni nínú méjèèjì? A ò jà. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan ló wà láàárín ẹnu mi àti etí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ pé bí èsì kankan bá wà, inú rẹ̀ ló há sí. Nítorí náà ni mo ṣe ń nu eruku ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ ti yadi.

Ìyá Ṣúbúọlá, aládùúgbò mi, gba inú ògiri wọlé, nítorí ibẹ̀ yá ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó lọ fọwọ́ pa ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tuntun, ó mi orí. Ó ní, "Kò níkùn. Ti ayé ọjọ́un níkùn lẹ́yìn, ẹ ó rí i rọ̀bọ̀tọ̀. Èyí tí ò níkùn yìí, níbo ló fẹ́ máa kó ọ̀rọ̀ sí?" Tẹlifíṣọ̀n ní inú sánmà ni ikùn òun wà báyìí, pé òun ò gbé e kiri mọ́. Ìyá Ṣúbúọlá ní ó dáa, kí wọ́n má kàn jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i.

Oyèwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í yin nǹkan rẹ̀. Ó ní téèyàn bá ń wo bọ́ọ̀lù, èèyàn á rí òógùn lára agbábọ́ọ̀lù, á sì gbọ́ òórùn rẹ̀ tó bá wù ú. Ó ní ènìyàn lè dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró pẹ̀lú rìmóòtù, kó ya ẹnu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kéèyàn lọ jẹun kó padà wá. Ìyẹn wù mí. Mo ti mọ ọ̀pọ̀ ẹni tí ǹ bá ti dá dúró bẹ́ẹ̀. Ìbídùn, ọmọ Oyèwùmí, ní kò sẹ́ni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, pé bàbá àgbà ni tẹlifíṣọ̀n àti asọ̀rọ̀mágbèsì jọ jẹ́. Inú fóònù rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti kéré bí ẹ̀wà, ó jókòó sínú fóònù náà, ó ń di irun orí ara rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní wọ́n ń gbé e bọ̀.

Wọ́n ní kí èmi náà sọ tèmi. Mo ní kò sí èyí tí mi ò fẹ́ràn nínú wọn. Ẹni tó bá ti lè wá kí mi nínú ilé láìjẹ́ pé mo ṣílẹ̀kùn fún un, ẹni mi ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ ni mo ti ń dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, màá ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́. Bí aṣọ arábìnrin inú tẹlifíṣọ̀n bá dáa, màá sọ fún un. Àwọn ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín títí wọn á fi dùbúlẹ̀, wọ́n á ní kò gbọ́. Bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́, ta ló ń jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀? Orin tí mo fi ń dá wọn lóhùn ni mo kọ fún tẹlifíṣọ̀n náà:

Ohùn kan ń bẹ nínú àpótí,
Ó ń kí mi, mo ń kí i;
Bí kò rí mi, mo ṣáà gbọ́ ọ,
Àárín wa ò bàjẹ́ o.

Tẹlifíṣọ̀n yí ẹsẹ̀ padà. Ó ní orin náà dára, ṣùgbọ́n òun ò ní wọlé.

Mo dìde lọ bá asọ̀rọ̀mágbèsì. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, nítòsí, ṣùgbọ́n pálọ̀ ti gùn. Mo rìn kọjá ilé ìdáná ìyá mi, mo rìn kọjá odò kan tí wọ́n sá aṣọ sí lórí omi, mo tó dé ibẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti di àgbàlagbà. Òwú ni mo fi so irin orí rẹ̀ tó ṣẹ́, kò sì ní eyín iwájú mọ́, èyí tí wọ́n máa ń yí kí ohùn tó lọ sókè. Mo kí i. Ó dáhùn. Mo ní kó fún mi ní èsì mi.

Ó ní, "Ìyá Oyèwùmí, ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ pé mo ń sọ̀rọ̀, n kì í gbèsì. Èmi kọ́. Gbogbo èsì pátá ni mo gbà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn mi wò."

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tó yẹ kí bátìrì wà, òwúrọ̀ ọjọ́un ló wà níbẹ̀, wọ́n ká a bí aṣọ tí a lọ̀, ó ṣì tutù fún ìrì. Mo fi orí wọlé bí ìgbà téèyàn ń wọ ilé adìyẹ. Èjìká mi há díẹ̀, mo fà á, mo bọ́ sí iwájú ilé.

Bàbá Oyèwùmí jókòó sórí àpótí. Wọ́n kéré sí ọmọ wọn lọ́jọ́ orí, irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù dáadáa. Agbọ̀n obì wà lẹ́sẹ̀ wọn, asọ̀rọ̀mágbèsì wà létí wọn, ó ń dán bí ọmọ tuntun. Èmi ìgbà náà kò sí níbẹ̀. Àyè tó yẹ kí n dúró sí ṣófo, ó sì ṣẹ́kù bí ipasẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo lọ dúró sínú rẹ̀, ó bá mi mu. Mo ní, "Ilé lẹ ó bá wa o."

Bí mo ti sọ ọ́ ni ọkùnrin tó ń ka ìròyìn láti inú asọ̀rọ̀mágbèsì ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ẹnu mi kò bi mí léèrè. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀. Mo ní ẹ káàárọ̀ o, ṣé àlàáfíà lẹ jí, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àárọ̀ o. Mo rí i tí ètè Bàbá Oyèwùmí mì. Ohùn mi bo tiwọn mọ́lẹ̀. Èmi ni. Ẹni tí mi ò rí rí, tí mi ò mọ ilé rẹ̀, ni mo ń bi nípa ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọkọ mi ń dá mi lóhùn.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Oyèwùmí láti òde, bí ìgbà téèyàn ń pe ẹni tó wà nínú kànga. Ó ní oòrùn ti jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán, ó ti ń gbọn èèpo kúrò lára. Oníkóńdẹ́mù gbé asọ̀rọ̀mágbèsì sọ́wọ́, òwúrọ̀ náà dẹ̀gbẹ́. Obì yí jáde láti inú agbọ̀n, ilé ìdáná yí, adìyẹ kan ń yí lọ tòun ti ọmọ rẹ̀, kò sì pariwo. Bàbá Oyèwùmí nìkan ni kò kúrò lójú kan.

Mo padà sínú àyè mi. Mo ní, "Ilé lẹ ó bá wa o." Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ẹni tó ń ka ìròyìn kí wa. Mi ò dáhùn. Ìdáhùn náà kún ẹnu mi, ó ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fi ìwúkàrà sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fẹ̀. Ó dúró dè mí. Ó wúkọ́. Ó ní ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Oyèwùmí, nítorí mo ti mọ́ ọn lára. Omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò ṣí ẹnu. Ìkíni rẹ̀ jáde láti inú asọ̀rọ̀mágbèsì, ó bọ́ sílẹ̀, ó dún bí ìgbà tí abọ́ kékeré bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì yí lọ sínú gọ́tà. Ìkíni àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jẹ́ kó bọ́ láyé mi.

Bàbá Oyèwùmí kò wojú mi. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, Àwẹ̀ró. Jẹ́ n gbọ́ ìròyìn tán ná."

Wọ́n gbé asọ̀rọ̀mágbèsì kúrò ní etí ọ̀tún, wọ́n gbé e sí ti òsì.

Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bínú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn ni. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ìrì, mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, egungun ẹja náà jáde, ó funfun, ó gùn tó abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò, mo sọ ọ́ sẹ́yìn. Orin gba ibi tó kúrò:

Ọ̀fun mi ṣófo, mo ráyè kọrin o,
Ọ̀fun mi ṣófo, mo ráyè mì;
Ọkọ mi tí mo rò pé ó bínú,
Ìròyìn ló ń gbọ́, ìròyìn ló ń gbọ́!

Nígbà tí mo fi máa jáde láti ẹ̀yìn asọ̀rọ̀mágbèsì, Bàbá Oyèwùmí ti tẹ̀ lé mi. Wọ́n lọ wo tẹlifíṣọ̀n tuntun níta. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n fi ìka kàn án. Wọ́n bi í bóyá ó máa ń ka ìròyìn. Ó ní tọ̀sán-tòru, kò dúró rí. Wọ́n ní ìyẹn ti pọ̀ jù, ta ni yóò wá máa lọ sóko? Oyèwùmí dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kó dìde, pé ó ti dàgbà ju òun lọ, wọ́n sì kí i bí ọmọdé ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n.

Mo sọ fún oníkóńdẹ́mù pé kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú, kó rọra kọjá lójú àbàtà. Asọ̀rọ̀mágbèsì kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun. Ó fi irin orí rẹ̀ tilẹ̀ bí ọ̀pá, ó gun ọmọlanke fúnra rẹ̀, ó kí gbogbo ilé, gbogbo ilé sì dáhùn, títí kan Ìbídùn nínú fóònù. Bàbá Oyèwùmí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke náà, wọ́n tẹ etí sí i. Mi ò pè wọ́n. Wọ́n ń gbọ́ ìròyìn.

Tẹlifíṣọ̀n dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gun ògiri. Oyèwùmí tẹ rìmóòtù. Kò kí wa, kò sì sọ̀rọ̀ kankan. Pápá tútù kan ló là sílẹ̀ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbé èèpo ẹ̀pà kúrò nílẹ̀ ilé mi. Àwọn lékèélékèé bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú pápá náà jáde sínú pálọ̀, wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan ń nu ẹsẹ̀ lórí ẹní kó tó kọjá. Ìyá Ṣúbúọlá sún fún wọn. Mo na èékánná mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí wọn bí ìgbà èwe, kí wọ́n fún mi ní funfun, mo dúró.