Ohùn Tí Ń Gbé Irin

Ẹni tó bá sọ pé ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti ohùn tó wúwo ò yàtọ̀ síra, onítọ̀hún kò gbé irin rélùwéè rí. Èmi Ṣàràfá gbé e fún ọdún mẹ́sàn-án ní Ìfọ̀, níbi tí ojú irin ti yà sọ́nà Ìdógò. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún la máa ń tò sídìí irin kan, orin la sì fi ń gbé e, torí bí ẹnì kan bá yá ju ẹnì kejì lọ, egungun á kán. Èmi ni mo ń dá orin náà.

Ohùn mi wúwo. Kúlúsúmù ìyàwó mi a máa ní tí mo bá ń kọrin, àfi bí ẹni ń yí odó nílẹ̀. Kò dùn, mo mọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ní, “Ọ̀kan ni wá o, ọ̀kan ni wá, gbé!”, “gbé” yẹn á balẹ̀ gbì, àyà gbogbo wa á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, irin á sì gbéra.

Mùsáfírù ará Mowe dé bá wa lọ́dún 1954. Ohùn tirẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á lọ sókè, á yí, á tún rọra wálẹ̀. Ká má parọ́, ó dùn. Nígbà tí a bá ń fi díígà tún òkúta ìdí irin ṣe, orin rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó rẹ̀ wá, torí iṣẹ́ yẹn kì í ṣe àjọgbé, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Àwọn tó ń tọjà bọ̀ a máa dúró gbọ́ ọ. N kò bínú sí i nígbà yẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan, Bádéjọ, kápítà tó ń darí àwa lébìrà, sọ níṣojú gbogbo ayé pé ohùn mi ń ha òun létí, pé láti ọ̀la lọ, Mùsáfírù ni kó máa dá orin ìgbérin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bùrẹ́ímọ̀, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ egungun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Mùsáfírù wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun kọ́ ló bẹ kápítà, pé ẹ̀rù irin ń ba òun, pé kí èmi ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́ fi bí wọ́n ṣe ń sọ “gbé” han òun. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni o. Kí n ṣáà ti sọ fún un pé kó má fà á, kó má yí i, kó gé e kúrú. Mo mọ̀ pé tó bá fi ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn fà á, àwọn tó wà níwájú á gbé e níbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀yìn á dúró de ìparí. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Mo ní, “Kọ ọ́ bó ṣe dùn mọ́ ẹ lẹ́nu. Ohùn rẹ ni wọ́n fẹ́.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, a tò sídìí irin. Èmi wà láàárín, Bùrẹ́ímọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, mo sì panu mọ́. Ohun tí mò ń rò ni pé irin náà á yẹ̀ díẹ̀, ojú á ti kápítà, wọ́n á sì wá bẹ̀ mí. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́, Ọlọ́run ń gbọ́.

Mùsáfírù dá orin. Nígbà tó dé orí “gbé”, ó gbé e lọ sókè, ó fà á, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn iwájú gbéra. Àwọn ẹ̀yìn ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń retí. Irin náà yí mọ́ wa lọ́wọ́, ó yọ̀ sẹ́yìn, ó wó lu Bùrẹ́ímọ̀ láyà.

A gbé àbúrò mi sórí tírọ́lì, a ń tì í lójú irin lọ sí ọsibítù l’Abẹ́òkúta. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ń bi mí bóyá òun ló pẹ́ gbé irin. Mo ní rárá. A kò tíì dé Wásinmi tó fi kú.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin Bùrẹ́ímọ̀, níbi àdúrà òkú, Mùsáfírù wá. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, kò dìde. Ìyá mi, Hàfísátù, jáde sí i.

Ó ní, “Ọ̀fun tó pa ọmọ mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fi ayọ̀ gbé oúnjẹ mì mọ́ láéláé.”

Mùsáfírù gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n kò wo ìyá mi. Èmi ló ń wò. Kò sọ ohun tí mo sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo la ẹnu. Mo wá wo ojú ìyá mi, tí ọmọ kan ṣoṣo kù fún.

“Àmín,” ni mo wí.

Gbogbo ilé sì ṣe àmín tẹ̀lé mi, lẹ́ẹ̀kan náà.