Bí A Ṣe Ń Gba Àgbà Síṣẹ́

Ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin méjèèjì. Àdúràọlá di ìdí rẹ̀ mú, Ìyá Fárìndé di orí rẹ̀ mú, kò sì sí èyí tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ nínú wọn. Àdúràọlá ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pálọ̀, orúnkún rẹ̀ wà nínú eruku tó yẹ kí wọ́n ti gbá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n gbá a."

"Fi sílẹ̀," ni Ìyá Fárìndé wí.

"Ẹ jókòó, mà. Ọ̀nà Erunmu jìn."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí ni?"

Ẹni tó bá wọlé lásìkò yẹn kò ní í mọ̀ pé Àdúràọlá ló ni ilé, pé òun ló sì ránṣẹ́ pe ìyá yìí kí wọ́n wá máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Yóò rò pé ìyá àti ọmọ ló ń du iṣẹ́ ilé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, yóò sì yin ọmọ náà pé ó lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló fẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Àdúràọlá fi ro bí èèyàn ṣe ń gba ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé fún un, nítorí kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ẹbí wọn. Ìyá rẹ̀ gbálẹ̀ fúnra wọn títí wọ́n fi kú. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà ní Ọlọ́runṣògo béèrè pé kí ni obìnrin tó ní ọwọ́ méjì ń fi wọ́n ṣe, tí yóò fi sanwó fún ẹni tí yóò bá a gbálẹ̀. Èsì wà níkùn Àdúràọlá. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé-iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn kan, ìgò ló sì ń fọ̀ níbẹ̀. Ìdánwò kan wà tó jẹ́ pé bó bá yege nínú rẹ̀, yóò kúrò nídìí ìgò, yóò di ẹni tó ń yẹ irúgbìn wò fúnra rẹ̀. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò ní í jẹ́ kó ṣe é mọ́. Oyèbánjí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ló ń wálé. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn Àdúràọlá. Bó bá ṣíwèé lálẹ́, orí ojú ewé kan náà ni oorun máa ń ká a mọ́.

Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ní kó lọ mú ọmọdébìnrin kan wá láti abúlé. Ó kọ̀. Ọmọdé yóò jẹun, yóò wẹ̀, ó sì yẹ kó lọ sílé ìwé. Ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, ọmọ karùn-ún ni. Àgbàlagbà ló fẹ́, ẹni tí yóò wá, tí yóò ṣiṣẹ́, tí yóò gbowó rẹ̀, tí yóò sì padà sílé ara rẹ̀. Mùjíbátù ní ẹnìkan wà ládùúgbò àwọn ní Erunmu tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Gbogbo nǹkan ló sọ nípa ẹni náà, àfi ọjọ́ orí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ọdún 1992 fi máa dé, Àdúràọlá ti kó àwọn ọmọ lọ sí Ọlọ́runṣògo. Ó ti kọ àṣẹ mẹ́fà sínú pépà, ó sì ti dúró níwájú dígí kọ́ bí òun yóò ṣe pàṣẹ láìrẹ́rìn-ín. "Kọ́kọ́ gbá yàrá àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, fọ ilé ìdáná." Aago méje kò tíì lù nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. Orí ewú ló rí, àti idè Ifá lọ́rùn ọwọ́ òsì, àti ojú kan tó jọ ojú ìyá rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé òun ni ọ̀gá.

Láti ìgbà náà, kò sí èyí tó lọ bó ṣe wà nínú pépà. Ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú ìyá náà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, òun ló fọ abọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ ilé ìdáná, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ó fọ̀ ọ́. Ìyá Fárìndé ti so ìborùn mọ́ ìdí tipẹ́, wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹní ń wo ọmọ tó ń fi omi ṣòfò. Ìgbà tí wọ́n nawọ́ sí ìgbálẹ̀ ni ìjà dé.

Ìyá Fárìndé ló kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n tú ìborùn, wọ́n mú báàgì wọn.

"Ilé rẹ kò fẹ́ mi," ni wọ́n wí. "Mo ń lọ."

Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n lè lọ. Ọjọ́ ìmọ́tótó ìparí oṣù ni; láti aago méje títí di mẹ́wàá, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn, àwọn wolé-wolé sì ń kó ẹni tí wọ́n bá rí tó ń rìn kiri lójú títì. Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n kẹ̀yìn sí ilé. Gbogbo àdúgbò ló wà nídìí gọ́tà. Bàbá Jacob tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Àdúràọlá fi ṣọ́bìrì tilẹ̀ láti kí wọn.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá. Ẹ wá kí ọmọ ni?"

"Iṣẹ́ ni mo wá ṣe," ni Ìyá Fárìndé dáhùn. "Wọn ò fún mi ṣe."

Àdúràọlá gbọ́ ọ nínú pálọ̀, ìtìjú sì mú un débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó ń gbálẹ̀ lọ tìbínú-tìbínú. Kí ni òun ṣe tó burú? Ọ̀wọ̀ ni òun bù fún wọn. Ibi tó ti ń dá ara rẹ̀ láre ló ti rántí Ọlálẹ́yẹ.

Ọlálẹ́yẹ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti yunifásítì dé láàbù wọn lọ́dún tó kọjá. Ọmọ dáadáa ni, a máa dọ̀bálẹ̀ kí Àdúràọlá láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn ní kí Àdúràọlá ṣa ẹ̀wà tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò lára èyí tó dára. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni. Ìka rẹ̀ máa ń mọ ẹ̀wà tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Kò tíì ṣa tó ogún tí Ọlálẹ́yẹ fi wá rọra gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ sinmi, mà," ló wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ má da ara yín láàmú." Àdúràọlá dúpẹ́. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó sunkún. Kò rí ohun tó lè sọ fún Mùjíbátù pé ó pa òun lẹ́kún, nítorí kò sẹ́ni tó bú u.

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e jáde síta. Lójú gbogbo àwọn tó wà nídìí gọ́tà, ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Fárìndé, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìgbálẹ̀ náà sí wọn.

"Ẹ má bínú, mà. Mo gba iṣẹ́ yín mọ́ yín lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún mi rí, ó sì dùn mí gan-an."

Ìyá náà kò tíì gbà á. "Kí lo fẹ́ ẹni tó máa tọ́jú ilé fún? Mùjíbátù ní iṣẹ́ pọ̀ fún ọ. Iṣẹ́ pọ̀ fún gbogbo èèyàn."

"Ìdánwò ni, mà. Mo ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kẹ́yìn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Kò sọ ọ́ síta rí, àfi fún ọkọ rẹ̀. Bàbá Jacob gbọ́ ọ, ìyàwó Bàbá Jacob náà gbọ́. Ó ya Àdúràọlá lẹ́nu pé ara òun fúyẹ́.

"Ìdánwò ń bẹ nílẹ̀," ni Ìyá Fárìndé wí, "o wá ń fọ abọ́ tí mo fi jẹ ẹ̀kọ." Wọ́n dìde, wọ́n gba ìgbálẹ̀. "Níbo lo ti ń kàwé?"

Orí tábìlì ni, bí wọ́n bá lè rí tábìlì náà lábẹ́ aṣọ àti ìkòkò. Ìyá Fárìndé kò tíì gbá ibì kankan tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n nù ún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fa àga jáde.

"Jókòó."

Àdúràọlá jókòó. Ó tú pépà jáde níbi tó dì í sí létí ìró. "Mo kọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀, mà."

"Kà á."

"Ìkíní: kọ́kọ́ gbá yàrá àwọn ọmọ."

Ìyá Fárìndé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. O gbálẹ̀ tán, okùn aláǹtakùn wá já bọ́ sí i, ta ni yóò tún un gbá? Ogún ọdún ni mo fi tọ́jú ilé àlejò ìjọba. Kọmíṣọ́nnà sùn níbẹ̀, kò rí eruku fi ọwọ́ kàn." Wọ́n na orí ìgbálẹ̀ sí i bí olùkọ́ ṣe ń na pàṣán sí ọmọ. "Túsìdeè àti Sátidé ni n ó máa wá. Ìparí oṣù lo máa sanwó mi, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ohun tó o bá fẹ́, sọ ọ́. Bí mo ṣe máa ṣe é, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá sì tún rí ọwọ́ rẹ lára ìgbálẹ̀ yìí, n ó nà ọ́."

"Ẹ ṣé, mà."

"Má dúpẹ́. Kàwé."

Bí wọ́n ṣe gba Ìyá Fárìndé síṣẹ́ nìyẹn. Àdúràọlá ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, ìyẹn ti mọ́ ọn lára tipẹ́. Ó yí pépà àṣẹ mẹ́fà náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó lé e jáde nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì: bí a bá gbin irinwó irúgbìn, tí èyí tó hù jẹ́ báyìí, tí èyí tó jẹrà jẹ́ báyìí.

Ó gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń fi ọ̀pá gbá òkè àjà. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà kan wà tí apá rẹ̀ ń yún un pé kó dìde, kó bá wọn gbé e. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ tábìlì, kò dìde. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú títì, èyí tó ń lọ sí Erunmu ń pe èrò, kò sì sí ẹni tó mú báàgì nínú ilé náà. Ó ṣe ìṣirò náà tán, ó ṣí ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé. Ó bá a mu. Kò gbà á gbọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún bá a mu. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ dé ọ̀fun.

Ìgbálẹ̀ ti kúrò ní yàrá, ó ti wọ pálọ̀, ìró rẹ̀ ń súnmọ́ ọn títí ó fi dé abẹ́ tábìlì.

"Gbé ẹsẹ̀," ni Ìyá Fárìndé wí.

Àdúràọlá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé tí ìyá rẹ̀ bá ń gbálẹ̀, kò sì gbójú kúrò nínú ìwé. Ìgbálẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, sìmẹ́ńtì náà tutù, ó sì mọ́. Ó ṣí ojú ewé tó kàn.