Nígbà Tí Ọkọ̀ Náà Kò Gbọ̀n Mọ́

Abẹ́ ọkọ̀ ni Firmin wà nígbà tí ìròyìn náà dé. Ẹsẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, eruku pupa bò wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ Madeleine ni, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn ní Pobè, lẹ́bàá ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde," ni Madeleine wí.

Kò jáde. Ó di sípánà ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún bóòtù kan tó ti le tẹ́lẹ̀ dè.

"Sidonie ti lọ," ni ọmọbìnrin náà sọ fún táyà.

Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ni ọkọ̀ akẹ́rù náà ti ń gbọ̀n bí Firmin bá tẹ iná mọ́ ọn. Táyà ló fura sí, ó sì ti tú wọn, ó ti dè wọ́n, kò rí nǹkan kan. Ní àárọ̀ yìí kò dúró wá a mọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ṣí ilẹ̀kùn fún Madeleine. Èṣùgbàyí, àbúrò bàbá Sidonie, tó wá ta àgbàdo ní Kétou, gun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì kọjú sí Pobè.

Ní ilé ìwòsàn, ẹní ni wọ́n fi wé òkú Sidonie fún wọn, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó. Ó fúyẹ́. Èṣùgbàyí ra adìẹ ìrànà kan, ó jókòó ti òkú náà, ó sì ń tu ìyẹ́ adìẹ náà sójú ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀nà lè là fún un títí dé Adakplamè, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń retí rẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pákó ẹ̀yìn ń ró gbà-gbà-gbà, ẹní ń yọ́ kúrò lápá kan bọ́ sí òmíràn. Èṣùgbàyí fi ọwọ́ gbá òrùlé. Firmin dúró.

"Àna, ṣé o gbọ́ ohun tó ń ṣe?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ kẹ̀? Bí o bá rọra, á dákẹ́. Bí o bá yára, á gbọ̀n. Ẹni tí kò fẹ́ délé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó wo adìẹ ọwọ́ rẹ̀. "Adìẹ yìí á ti pá kí a tó rí Kétou."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni Madeleine wí. "Ìyá wa ń wo ọ̀nà."

"Mo mọ̀ pé ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n òkú tó bá kọ̀ lọ́nà, ibi tó kọ̀ sí là ń sin ín sí. Ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú. Bó bá tún kọ̀, igbó yìí ni."

Firmin tún tẹ iná. Gbígbọ̀n náà gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó gun orókùn, ó dé àyà. Bẹ́ẹ̀ ni Sidonie ṣe máa ń mì ín nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò fẹ́ dìde. Àwọn Fádà ti kọ́ ọ pé eruku ni ara, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní báyìí ó ń bẹ eruku náà pé kó má dákẹ́. Kọ̀, ni ó ń wí nínú. Kọ̀ fún gbogbo wa.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ọkọ̀ ṣì ń sáré bó ṣe ń sáré, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ lójijì.

Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ táyà ni, ì bá máa gbọ̀n lọ, ì báà tẹ iná, ì báà má tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnì ni. Ó lè pa ohun tó mọ̀ yìí mọ́ra. Bó bá dákẹ́, Sidonie yóò jẹ́ ẹni tó ń kọ̀ títí ayé, nínú igbó tí kò ní ẹbí kankan. Òkú kì í mọ iye tí wọ́n ra àgọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ iná tí òun tẹ̀? Ó wo Madeleine, tó fi etí aṣọ rẹ̀ bo ẹnu. Ó dúró, ó lọ ṣí iwájú ọkọ̀.

Ó fi ọwọ́ fa okùn tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ iná. Ẹ́ńjìnì fò sókè lápá kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì padà jókòó. Rọ́bà tó jókòó lé lápá ibẹ̀ ti mu òróró títí, ó ti ya kúrò lára irin.

"Kí lo rí?" ni Èṣùgbàyí bi í.

"Rọ́bà ló ya, Bàbá. N kò ní òmíràn."

Bàbá náà wo inú ọkọ̀, ó wo ẹní, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kan.

"Táyà ni wọ́n fi ṣe é. Gé e."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni mo ń gbé ọkọ̀ ni? Ọkọ̀ ló ń gbé mi."

Firmin fi jáàkì àti igi gbé ẹ́ńjìnì, ó gé sálúbàtà náà, ó kó o léra, ó sì fi bóòtù dè é pinpin. Oòrùn ti kọjá àtàrí.

Ọkọ̀ gun òkè náà. Ó tẹ iná díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Pákó kò ró, òrùlé kò dún. Madeleine ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ Firmin ṣì ń wá Sidonie lórí irin tó dákẹ́ náà. Láti àárọ̀, ẹnu ènìyàn ló ti ń gbọ́ pé ó ti lọ. Nísinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Wọ́n sin ín ní Adakplamè kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ dé pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́, ìyá Sidonie ti igbá bọ inú ìkòkò láti bu omi ìfọwọ́ fún wọn. Igbá náà ha ìsàlẹ̀.

Omi jìn ní ibẹ̀. Sidonie kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọ agboolé yìí láìgbé àgbá omi kan dání fún ìyá òun. Lónìí, Sidonie nìkan ni Firmin gbé wá.

Firmin yí àgbá òfìfo kan sórí ọkọ̀, ó lọ síbi kànga, ó fa omi títí àgbá fi kún. Nígbà tó ń bọ̀, ó ń wo omi náà lẹ́yìn. Kò mì.

Ó fi korobá gbé e wọlé. Ìyá àgbà náà jókòó ti ògiri, ó ń wò ó. Firmin da omi sínú ìkòkò, ó sì padà lọ bu òmíràn.